Orin Okùn Tí Ẹ̀rọ Ní A Jí

Òórùn ẹja yíyan ni ó máa ń kọ́kọ́ kí ènìyàn káàbọ̀ sí etí òkun wa ní Àgbádárìgì, kí ìró ìgbì tó dé etí rẹ̀. Òórùn yẹn nìkan ni kò tíì gbówó lórí. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, kọ́bọ̀ márùn-ún ni àgbọn kan, ẹni tó ń tà á yóò là á fún ọ, yóò sì dúró kí o mu omi rẹ̀ tán kó tó bi ọ́ bóyá ó dùn. Lónìí, ẹgbẹ̀rún náírà kò ra àgbọn méjì tó dáa, ẹni tó ń tà á kò sì ní wojú rẹ. Náírà méjì ni mo ra kásẹ́ẹ̀tì òfìfo kan nígbà náà, mo sì ń kùn lọ sílé pé wọ́n rẹ́ mi jẹ. Owó dátà tí mo ń rà lóṣù kan báyìí ìbá san owó ilé ìwé mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ìbá sì ṣẹ́kù tí màá fi ra bàtà. Ṣùgbọ́n kásẹ́ẹ̀tì náírà méjì yẹn ni ọ̀rọ̀ mi dá lé, nítorí ohun tó wà nínú rẹ̀ ni àwọn tí n kò fojú rí rí sọ pé mo jí.

Ìwọ tí ìwọ náà dàgbà sétí omi yóò rántí bí a ṣe ń fa àwọ̀n. Ọkọ̀ yóò gbé àwọ̀n wọ inú òkun, yóò fi yí ẹja po, yóò sì mú orí okùn méjèèjì padà wá sórí iyanrìn. A ó wá tò sídìí okùn bí ìjàlọ, ọmọ Imeke, ọmọ Kankon, Ègùn àti Àwórì, a ó máa fà á. Okùn náà máa ń tutù, iyọ̀ àti iyanrìn a lẹ̀ mọ́ ọn, àtẹ́lẹwọ́ ẹni tí kò bá mọ́ lára a sì máa bó. Orin ni a fi ń fà á. Adárin yóò dúró níwájú, kò ní fọwọ́ kan okùn lọ́jọ́ náà, ohùn rẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ yóò máa wá ẹni tó ń sá pamọ́ sẹ́yìn ẹlòmíràn, bó bá sì ti rí i, inú orin ló ń fi í sí. Orúkọ tí adárin bá sọ ọ́ nídìí okùn ni wọn yóò máa pè ọ́ títí ọjọ́ alẹ́. Òfin kan ṣoṣo ni orin náà ní: ẹni tí kò fa okùn rí kò gbọdọ̀ dá a, ẹni tó sì ti fà á gbọ́dọ̀ dúró kí adárin fúnra rẹ̀ fi orin lé e lọ́wọ́.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, mo wálé fún ìsinmi pẹ̀lú rẹ́kọ́dà tí mo yá lọ́wọ́ ẹni tí a jọ ń gbé yàrá. Mo gbé e ka orí agbọ̀n ẹja tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́, mo sáré lọ di okùn mú. Adárin wa fi ọdún mélòó kan jù mí lọ, Ègùn pọ́ńbélé, ohùn rẹ̀ a máa borí ìgbì. Kò pẹ́ tó fi rí mi níbi tí mo ti ń fẹ́ atẹ́gùn sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Ohun tó kọ nìyí:

Akọ̀wé ọlọ́wọ́ òwú,
Ṣé gègé lo fi ń fa okùn?
Ẹja ń lọ, ó ń fi ọ́ rẹ́rìn-ín,
Okùn ń bọ̀, ó ń bọ̀ wá.

Gbogbo ìdí okùn bú sẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin ẹni tó ni àwọ̀n, tí òun fúnra rẹ̀ wá jogún àwọ̀n náà nígbà tó yá, tí a fi ń pè é ní ìyá oní-àwọ̀n, rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí iyanrìn. Ọjọ́ náà ni mo di Akọ̀wé. Nígbà tí orin fẹ́ parí, adárin dá orúkọ ara rẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó sì fi ìyókù sílẹ̀ fún ìgbì. Rẹ́kọ́dà gba gbogbo rẹ̀, ẹ̀rín àti ìgbì.

Mo ṣiṣẹ́ ìjọba káàkiri, mo fẹ̀yìn tì, mo padà sílé. Kí n tó dé, àìsàn ọ̀fun ti mú adárin, wọ́n sì ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ó yè é, ṣùgbọ́n ohùn náà lọ. Èyí tó kù dà bí ìgbà tí ènìyàn bá ń fẹ́ná. Mo wá kásẹ́ẹ̀tì náà jáde, mo fi sínú rẹ́kọ́dà àlòkù kan, mo gbé fóònù mi tì í kó gbà á sílẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì náà kọ orin délẹ̀, lẹ́yìn náà téèpù inú rẹ̀ já, kò sì ṣeé tún so. Mo gbé orin náà sí ojú ewé kan tí mo ṣí lórí ayélujára, pẹ̀lú ìtàn tí àwọn àgbà etíkun sọ sínú fóònù mi kí wọ́n tó kú. Nírọ̀lẹ́, adárin a máa wá sí ìloro mi. Yóò na ọwọ́, màá gbé fóònù lé e, yóò sì máa gbọ́ ara rẹ̀. Àwọn ènìyàn a máa kọ̀wé sábẹ́ orin náà láti Àjàṣẹ́, láti òkè òkun, pé bàbá àwọn wà nídìí okùn yẹn. Màá kà á fún un, yóò mi orí, yóò ní kí n tún un kà.

Ọ̀rẹ́ wa kan wà tó ń ṣe ajẹ́ntì ní ẹnubodè Seme, tó ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù lọ́wọ́ kọ́sítọ́ọ̀mù. Òun náà fa okùn nígbà èwe rẹ̀. Mo lọ kí i lọ́jọ́ kan, a jókòó síwájú ilé rẹ̀, nígbà tí ọlọ́kadà kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa tó sì ń lu orin kíkankíkan. Ìlù ẹ̀rọ ni, irú èyí tó ń gbọn àyà. Lábẹ́ ìlù náà ni mo ti gbọ́ akọ̀wé ọlọ́wọ́ òwú.

Ajẹ́ntì fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi. Ó ní, “Akọ̀wé, wọ́n ti gbé ọwọ́ òwú rẹ kọjá bọ́dà. Ṣé o san owó ẹrù?”

Èmi náà rẹ́rìn-ín. A ní kí ọlọ́kadà tún un lù. Ohùn adárin ni, ìgbì wa ni, ẹ̀rín ọmọbìnrin ẹni tó ni àwọ̀n wà níbẹ̀ ketekete. Ibi tí adárin ti dárúkọ ara rẹ̀ nìkan ni wọ́n gé dànù. Ọ̀dọ́kùnrin kan tí a kò mọ̀ rí ló ń pariwo orúkọ tirẹ̀ síbẹ̀. Ẹ̀rín mi tán níbẹ̀.

Kò pẹ́ tí ìwé fi dé láti iléeṣẹ́ tó ni ibi tí mo gbé orin sí. Wọ́n ní ẹ̀rọ àwọn ti fi orin mi wé ti ẹnì kan tó ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, ó sì rí i pé èmi ni mo mú ohun olóhun. Wọ́n fi ọ̀nà méjì síwájú mi. Mo lè gbà, kí ojú ewé mi dúró, àwọn yóò kàn kọ orúkọ ẹni tó ni orin sábẹ́ rẹ̀, ìyẹn orúkọ ọ̀dọ́kùnrin náà. Tàbí kí n jà á níyàn. Bí mo bá sì jà á tí mo pàdánù lẹ́ẹ̀mejì, wọn yóò ti ojú ewé náà pa pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀.

Jẹ́ kí n sọ èrò mi níbí, kí o má baà rò pé àgbàlagbà kan lásán ló ń bínú sí ẹ̀rọ. Olùkọ́ wa kan ní yunifásítì kì í dárí jì wá bí a bá mú ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ láìdárúkọ rẹ̀, mo sì gbà pẹ̀lú rẹ̀ títí di òní. Iṣẹ́ ọpọlọ ní ẹni tó ni ín. Ohun tí mo kọ̀ ni pé kí ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ọ́fíìsì di oníǹkan. Àwọn iléeṣẹ́ wọ̀nyí ń kọ àdéhùn tó gùn ju etíkun lọ, wọ́n mọ̀ pé a kò ní kà á, wọ́n sì ń pe títẹ̀ tí a tẹ̀ ẹ́ ní ìfọwọ́sí. Wọ́n ní àwọn ń dáàbò bo iṣẹ́ wa. Kí n tó lè fèsì sí wọn pàápàá, ẹ̀rọ wọn ní kí n fi hàn pé èmi kì í ṣe ẹ̀rọ. Ó kó àwòrán síwájú mi, ó ní kí n tọ́ka sí gbogbo èyí tó ní iná tó ń darí ọkọ̀. Èmi tí mò ń gbé ibi tí ewúrẹ́ ti ń darí ọkọ̀.

A pàdé níbi tí ìyá oní-àwọ̀n ti ń yan ẹja, èmi, òun, adárin àti ajẹ́ntì. Mo ka ìwé náà fún wọn.

Ajẹ́ntì ní, “Ẹ gbà. Ẹni tó di okùn ẹnubodè mú, a kì í bá a jiyàn. Ó ń gbé e sókè, o ń kọjá, ó parí.”

Ìyá oní-àwọ̀n kò gbójú sókè nínú èéfín. “Gbogbo ayé rẹ lo fi tẹrí ba lábẹ́ okùn ẹnubodè. Ọrùn rẹ ò tíì tọ́ di òní.”

“Ọrùn yìí náà ló kọ́lé.”

“Ilé tí ò ní fèrèsé.”

Ajẹ́ntì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yí padà. Ó ní, “Ìtàn tí bàbá mi sọ wà lójú ewé yẹn. Tí wọ́n bá tì í, ibo ni mo ti fẹ́ gbọ́ bàbá mi?”

Òtítọ́ ló sọ. Adárin fà mí mọ́ra, ó gbé ẹnu sún mọ́ etí mi. “Nọ̀ví,” bí àwọn Ègùn ṣe ń pe ọmọ ìyá wọn nìyẹn, “tó o bá gbà, èmi ni mo di olè ohùn ara mi.”

Mo tún un sọ sókè kí àwọn tó kù lè gbọ́. Ajẹ́ntì nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò. Ó ní, “Ó dáa. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ kí ẹrù kọjá ni, kì í ṣe Akọ̀wé lẹ máa rán níṣẹ́ yẹn. Akọ̀wé, kó gbogbo ohun tó wà lójú ewé yẹn fún mi kó o tó kọ̀wé sí wọn.”

Mo da gbogbo rẹ̀ sínú mẹ́mọ́rì fóònù kéékèèké, orin àti ìtàn, ó sì kó wọn lọ sí Seme. Ọlọ́kadà gbà, awakọ̀ gbà, àwọn tó ń ṣẹ́ owó gbà. Ohun kan ṣoṣo ló ń sọ fún wọn: ẹ dà á kọ bó ṣe wù yín, ẹ fún ẹni tó bá wù yín, ẹ má ṣáà gé ìparí rẹ̀.

Nígbà náà ni mo tó kọ̀wé. Mo ní, “Ẹ bi ẹni tí ẹ ní ó ni orin yìí pé ta ni akọ̀wé tó wà nínú rẹ̀. Èmi ni. Ẹ bi í pé ta ló ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Ó wà níbí, ó ń yan ẹja. Ẹ bi í pé òkun wo ló ń ró lábẹ́ ìlù rẹ̀.” Èsì dé kí tíì mi tó tutù: àwọn ti bi oníǹkan, oníǹkan sì ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé òun ló ni ín. Ẹni tí a pè lẹ́jọ́ ni wọ́n fi ṣe adájọ́. Lọ́jọ́ kejì, ẹnì kan pè mí, ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì tó dán sọ pé òun láti iléeṣẹ́ náà, òun fẹ́ ràn mí lọ́wọ́, kí n ka nọ́ńbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi fún òun. Kò sí ibi tí òkú ẹran bá wà tí eṣinṣin kì í dé. Mo ní kó kọ́kọ́ wá fa okùn.

Mo tún kọ̀wé lẹ́ẹ̀kejì, ọ̀rọ̀ kan náà, n kò yí i padà. Wọ́n ti ojú ewé náà pa. Títì ló wà di bí mo ti ń kọ èyí.

Nígbà tí ìyá oní-àwọ̀n tún ju àwọ̀n, ó ránṣẹ́ pè wá. Ó ní ẹni tí kò bá lè fa okùn kó wá dúró tì í. Adárin wá pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó dúró síwájú níbi tó máa ń dúró sí, gbogbo àwọn ọ̀dọ́ tó wà nídìí okùn sì ń wò ó, nítorí wọ́n mọ̀ pé kò lóhùn mọ́. Ó fi ọ̀pá pè mí. Mo rò pé omi ló fẹ́ mu. Ó di èjìká mi mú, ó mí ọ̀rọ̀ mẹ́rin márùn-ún sí mi létí, ó sì tì mí síwájú okùn. Bẹ́ẹ̀ ni orin ṣe dé ọwọ́ òwú. Ohùn mi kò dára, ṣùgbọ́n mo dá a:

Iléeṣẹ́ aláìlọ́wọ́,
Kí lo fi fa okùn tìrẹ?
Ẹja ti tú sórí iyanrìn,
Okùn dé, ó ti dé wá.

Wọ́n gbè é bí ẹni pé wọ́n ti ń retí rẹ̀. Mo wò, ajẹ́ntì wà nídìí okùn, ọrùn rẹ̀ nà gan-an. Nígbà tí mo dé ìparí orin, ibi tí adárin máa ń dárúkọ ara rẹ̀, n kò dá orúkọ mi. Tirẹ̀ ni mo dá, àti ti bàbá rẹ̀, mo sì fi ìyókù sílẹ̀ fún ìgbì.

Ohun tí mo rí nínú gbogbo rẹ̀ ni pé wọ́n lè ti ilẹ̀kùn, nítorí àwọn ló kọ́ ilé náà, èmi ni mo sì lọ gbé ẹrù mi síbẹ̀. Wọn kò lè sọ mí di olè àyàfi bí mo bá fọwọ́ sí i, n kò sì fọwọ́ sí i. N kò kọ orúkọ adárin síhìn-ín. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, kó wá ẹni tó ní orin náà lórí fóònù, kó sì gbọ́ ọ dópin.

Adárin ti lọ. Ọdún tó kọjá ni a sin ín, orin náà ni wọ́n sì fi gbé e jáde nílé. Ẹni tó yá mi ní rẹ́kọ́dà ti lọ ṣáájú rẹ̀ tipẹ́. Nínú àwọn tó wà nídìí okùn lọ́jọ́ tí mo gba orin náà sílẹ̀, ìyá oní-àwọ̀n ṣì wà, ó ṣì ń bú ènìyàn láàárín èéfín. Ajẹ́ntì ṣì wà ní Seme, ó ṣì ní ó yẹ ká gbà, ó sì ṣì ń pín mẹ́mọ́rì. Èmi náà wà. Ọwọ́ mi ṣì rọ̀ bí òwú, n kò sì tíì tú okùn sílẹ̀.