Ìbọn Tó Ju Ọwọ́ Kàfáyàtù Lọ

Ọdún 1986 ni ojú Mùstàfá bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ojú ọ̀tún ló kọ́kọ́ lọ. Ó ní ńṣe ló dà bí ìgbà tí èèyàn ta aṣọ sí fèrèsé. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹwàá, tòsì náà ti ń tẹ̀lé e, takisí tó ń wà sì ti di ohun tó ń jókòó síwájú ilé wọn ní Hazel Crest ní Amẹ́ríkà, tí ewé igi ń já lé lórí. Dókítà ní àwọn lè ṣe iṣẹ́ abẹ sí ojú òsì náà, ṣùgbọ́n bí ọdún bá fi lè yípo kí wọ́n tó ṣe é, kó yáa lọ máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀pá rìn. Akọ̀wé dókítà wá béèrè inṣọ́ránsì tí wọ́n ní, èyí tó máa bá wọn san owó ìwòsàn. Wọn kò ní kankan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ìbọn ti wọ ayé Kàfáyàtù, ìyàwó rẹ̀, nìyẹn.

Obìnrin kékeré ni, ọmọ Ìsẹ́yìn. Ọwọ́ rẹ̀ kéré débi pé ìbọ̀wọ́ ọmọdé ló ń rà bí òtútù bá dé. Ọdún mẹ́rin ló fi tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Des Plaines, kí wọ́n tó fi í sí ẹnu ọ̀nà gẹ́gẹ́ bí sẹkiúrítì. Jákẹ́ẹ̀tì lásán ló ń wọ̀, kò gbébọn. Ọ̀gá rẹ̀ ló là á yé e pé àwọn oníjákẹ́ẹ̀tì kò ní inṣọ́ránsì, ṣùgbọ́n ẹni tó bá so ìbọn mọ́dìí, tirẹ̀ àti ti ọkọ tàbí aya rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní. Àyè ẹnì kan ló ṣí. Onítọ̀hún ni yóò ra ìbọn fúnra rẹ̀, ìbọn tó bá sì fẹ́ máa gbé ló gbọ́dọ̀ fi ṣe ìdánwò. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni wọ́n ń fún èèyàn láyè.

Nígbà tí Bùọ̀dá Sàláhúdéènì gbọ́, kò jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán. Òun ni ẹ̀gbọ́n Mùstàfá, ó ń gbé ní Auburn Gresham, òun ló sì san owó ọkọ̀ òfuurufú tó gbé Mùstàfá dé Amẹ́ríkà. Ó ti ṣe ọlọ́pàá kògbérégbè ní Ìbàdàn kó tó wá.

"Ta ló tún mọ ìbọn nínú ilé yìí tó mi?" ni ó wí. "Ìyàwó wa, wọ bàtà rẹ."

Ọkùnrin tó ń ta ìbọn gbé méjì ka orí gíláàsì. Méjèèjì ni ilé ọta wọn ń yí bíi kẹ̀kẹ́, ọta mẹ́fà mẹ́fà ló ń wọ̀ wọ́n. Èyí kékeré jẹ́ .38. Ó ní ọjọ́ pẹ́ tí ọlọ́pàá ti ń gbé irú rẹ̀, pé ó rọ ọwọ́, pé bí ọwọ́ bá mọ́ ọn, ó tó dáàbò bo èèyàn. Èyí ńlá jẹ́ .357 Magnum.

Bùọ̀dá fi ìka kan ti .38 náà sẹ́yìn. "Ṣé eku lo fẹ́ fi pa ni? Bí olè bá rí èyí lọ́wọ́ rẹ, ó máa ní kó o dá a padà fún ọmọ tó ni ín."

Ó gbé .357 lé e lọ́wọ́. Ọwọ́ Kàfáyàtù wálẹ̀. Èèkù rẹ̀ sanra, orí ìka rẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kan irin tí wọ́n ń fà. Ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ìbọn náà kì í ṣe tòun. Ọ̀rọ̀ ti dé ètè rẹ̀. Ṣùgbọ́n Bùọ̀dá ti ń sanwó, ó ń rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ dùn bíi ti ẹni tó ń ra nǹkan ìkómọ. Kàfáyàtù kúnlẹ̀ níbẹ̀, láàárín ṣọ́ọ̀bù àwọn òyìnbó, ó ní, "Ẹ ṣeun, sà. Ọlọ́run á bù sí i fún yín."

Josephine ló ń kọ́ wọn ní ìbọn yíyìn ní Des Plaines, obìnrin dúdú ọmọ Amẹ́ríkà tó ti ṣe ọlọ́pàá tó sì ti fẹ̀yìn tì. Ogójì ọta ni èèyàn ń yìn sí bébà tí wọ́n ya àwòrán ènìyàn sí. Ọgbọ̀n gbọ́dọ̀ wọ àyà. Ìgbà kìíní, Kàfáyàtù mú mẹ́rìnlá. Ìbọn náà ń tàpá bíi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ọwọ́ rẹ̀ sì wú títí dé ìgbọ̀nwọ́. Ìgbà kejì, mọ́kànlá.

"Kay," ni Josephine wí, "ta ló yan nǹkan yìí fún ọ?"

"Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni, Miss Josephine."

"Òun ló máa wá bá ọ yìn ín?"

Ó gba ìbọn náà, ó kọ̀yìn sí i, ó ki ọta gidi àti òfìfo ọta tí wọ́n ti yìn tán mọ́ra wọn sínú rẹ̀. Kàfáyàtù fà á. Kò dún. Ṣùgbọ́n ẹnu ìbọn ti dojú kọlẹ̀, ojú rẹ̀ méjèèjì sì ti dì pinpin.

"Ìbọn ò tíì dún, ìwọ ti sá."

Josephine wá kó ọta .38 sínú rẹ̀. Ó ní sísanra wọn kan náà ni, .38 kúrú díẹ̀ ni, kò sì lágbára tó ti .357. Ìtàpá náà rọlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n èèkù ń yí nínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, gbogbo ọta sì ń gba ẹ̀gbẹ́ lọ. "Ọta la lè pààrọ̀," ni Josephine wí. "A ò lè fa ìka rẹ gùn." Ó fún un ní .38 tirẹ̀ láti fi dánra wò. Nínú ọta mẹ́fà, márùn-ún wọ àyà.

"Lọ pààrọ̀ rẹ̀. Sátidé ni ìgbà ìkẹyìn."

Ọjọ́ Mọ́ńdè lọjọ́ náà. Òfin sì ni pé ẹni tó bá ra ìbọn ìléwọ́ yóò dúró ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n tó gbé e fún un.

Mùstàfá jókòó sórí àga nígbà tó gbọ́, ó kọjú sí ibi tí kò sí ẹnikẹ́ni. "Ẹ̀bùn Bùọ̀dá lo fẹ́ dá padà? A máa rán àgbà sí i ni. Jẹ́ kí Àlàájì Akíndúró bá a sọ̀rọ̀."

"Àlàájì wà ní Ṣakí títí oṣù tó ń bọ̀."

"Kàfáyà, má fi ìyẹn kó bá mi. Ẹni tó gbé mi dé ìlú yìí!"

"Ojú ta ló ń lọ, Mùstàfá?"

Lọ́jọ́ kejì, Kàfáyàtù gbé .357 padà sí ṣọ́ọ̀bù, òun nìkan. Ní ọjọ́ Jímọ̀, ó gba .38 kékeré náà, ó tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí tó ń tì pa. Ó rò pé bí òun bá yege, òun á lọ kúnlẹ̀ fún Bùọ̀dá, ìròyìn ayọ̀ á sì bo ìyókù mọ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n láàárọ̀ Sátidé, Bùọ̀dá ló ń fọn fèrè mọ́tò lẹ́nu ọ̀nà. "Mo fẹ́ fojú ara mi rí bí ìyàwó wa ṣe máa fi ìbọn mi ya bébà wọn!"

Gbogbo ojú ọ̀nà ni Kàfáyàtù ń wá ibi tí yóò ti gba ọ̀rọ̀ bọ́ sí i. Bùọ̀dá kò dákẹ́. Ó ń sọ bí òun ṣe lé àwọn olè ní Mọ́kọlá, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń gbá ọwọ́ lórí ìdarí ọkọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló la ẹnu pé, "Bùọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́..." Ẹ̀ẹ̀mejì ni Bùọ̀dá ní, "Má bẹ̀rù, mo wà níbẹ̀."

Ẹ̀yìn gíláàsì ni àwọn tó wá wòran ń dúró sí. Kàfáyàtù ṣí àpótí. Kò bojú wẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ó mọ ìgbà tí Bùọ̀dá rí i, nítorí ohùn rẹ̀, tó ń dún láti ìgbà tí wọ́n wọlé, dá wáí. Ó ní "Bísímílà", ó gbé ìbọn sókè. Kò dijú. Ọta wọlé, ọta wọlé. Omijé ń ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ imú rẹ̀, kò lè yọ ọwọ́ kan kúrò lára ìbọn kó fi nù ún.

Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Josephine buwọ́ lùwé, ó gbá a lẹ́yìn. Nígbà tó yíjú, kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn gíláàsì.

Bùọ̀dá wà nínú mọ́tò, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Kàfáyàtù di ọwọ́ ilẹ̀kùn iwájú mú, ó wà ní títì. Tẹ̀yìn ló ṣí sílẹ̀. Ó wọlé, ó jókòó bí èrò takisí láti Des Plaines títí dé Hazel Crest. Nígbà tí wọ́n dúró, ó bọ́ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ sórí kọnkéré tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ọkọ̀.

"Ẹ dárí jì mí, sà. Ẹ̀rù ló bà mí. Ọwọ́ mi kò ká a."

"Ẹnu rẹ ńkọ́? Òun náà kò ká a?" Iwájú ló ń wò. "Dìde, òtútù ń mú. Kí àbúrò mi lọ ṣe ojú rẹ̀. Bó bá sì ríran tán, kó má fi wá mi."

Mùstàfá ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó di férémù rẹ̀ mú. Ó gbọ́ tí mọ́tò ṣí.

"Bùọ̀dá kò ní wọlé jẹun ni?"

Kàfáyàtù fi ìwé náà lé e lọ́wọ́. Ó gbé e sún mọ́ ojú òsì títí ó fi kan imú rẹ̀.

"Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

"Wọ́n ní mo yege."

"Bùọ̀dá gbọ́?"

"Ó gbọ́."

Mùstàfá ká ìwé náà méjì, lẹ́yìn náà mẹ́rin. Kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ó dúró síbẹ̀, ó dẹ etí sí títì, títí ìró mọ́tò náà fi wọnú ìró àwọn ọkọ̀ yòókù.