Wọ́n Tún Fẹ́ Lé Ìyá Ayàwòrán

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Veddel, ní Hamburg, ní Jámánì, máàkì kan, owó tí wọ́n ń ná kí Yúrò tó dé, ni búrẹ́dì ńlá, wọ́n á sì tún fún wa ní ṣéńjì. Ìyá àgbà òyìnbó kan tó ń gbé òkè wa ló máa ń rán mi lọ rà á. Ayàwòrán ni. Nígbà tó wà lọ́mọge, ó yàwòrán fi àwọn Násì, ìjọba Hitler, ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n fẹ́ pa á, ló bá sá lọ sí Sweden. Ó pẹ́ kó tó padà. Tí mo bá gbé búrẹ́dì dé, á gé ìdí rẹ̀ fún mi, á ní Berlin tí wọ́n ti lé òun náà ni kí wọ́n sin òun sí, kí ojú lè tì wọ́n. A jọ máa ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin ọmọ, ibẹ̀ náà ni wọ́n sin ín sí. Kò bímọ, èmi tí mo ti ń ta ẹja ní Wedding, àdúgbò kan ní Berlin, ni mo ń lọ gbá ojú sàréè rẹ̀.

Lọ́dún yìí, mo bá bébà kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ òkúta rẹ̀. Mo rò pé ìpolówó ọjà ni. Mo bú wọn, mo ya á, mo fi ọṣẹ fọ ojú ibẹ̀. Ọmọbìnrin mi ló he é tó kà á.

"Mama, die Zeit ist um."

Àsìkò ti pé! Ọdún tí wọ́n fi háyà ilẹ̀ fún òkú ti tán, wọ́n fẹ́ hú òkúta náà. Nílé wa, inú ọgbà ilé là ń sin òbí sí. Ta ló ń gba owó ilé lọ́wọ́ òkú? Mo já wọ ọ́fíìsì itẹ́ òkú náà.

"Ẹ lé e láàyè, ẹ tún fẹ́ lé e lókùú?"

Ọkùnrin ibẹ̀ ní àwọn gbajúmọ̀ nìkan ni ìjọba ń bá san. Gbajúmọ̀! Tí wọn ò bá lé e, ṣé kò ní di gbajúmọ̀ ni? Ó pe owó ogún ọdún, mo ní kó gba ìdajì. Ọmọ mi fọwọ́ bojú.

"Mama, bitte, ẹ jọ̀ọ́! Wọn kì í dúnàádúrà owó sàréè níbí."

Mo ní ṣebí ọjà ni wọ́n fi ṣe. Mo fa àga, mo jókòó. Nígbà tó rí i pé mi ò ní dìde, ó ní mo lè san ti ọdún márùn-ún.

Láyé ìgbà tí mo ń ra búrẹ́dì yẹn, mo rò pé ẹni tí wọ́n bá ti sin ti délé nìyẹn. Lónìí, òkú náà ń háyà ilé. Inú ṣì ń bí mi. Àmọ́ òkúta ìyá àgbà wà níbẹ̀, wọn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Kí ẹja mi ṣì máa fara mọ́ fíríìjì àtijọ́ ná, torí owó tí mo fẹ́ fi ra fíríìjì tuntun ni mo yọ fún wọn: irinwó Yúrò ó lé mẹ́wàá.