Múfú fa tòmátì mi tu, ó gbin koríko

Ọmọ mi Múfú fa gbogbo tòmátì ẹ̀yìnkùlé mi tu lónìí, ó sì gbin koríko síbẹ̀.

Tòmátì tó ti ń pọ́n ni o. Ọjà'ba ni mo lọ. Kí n tó dé, iṣẹ́ ti parí.

Mo ní, "Kí la fẹ́ fi koríko ṣe?"

"Ìyá, a ó máa wò ó ni. Ẹ ṣáà máa bomi rin ín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́."

"Ṣé ewúrẹ́ lè jẹ ẹ́?"

"Ẹ má jẹ́ kí ewúrẹ́ débẹ̀ rárá."

Oòrùn tí tòmátì ń fẹ́ náà ni koríko ń fẹ́. Omi kànga kan náà ni wọ́n ń mu. Ṣùgbọ́n tòmátì ń wọ ìkòkò ọbẹ̀. Koríko tí mo ti ń tu dànù láti kékeré ni mo fẹ́ máa pọnmi fún lọ́jọ́ ogbó.

Mo ti tú ewúrẹ́ mi lókùn. Ta ló jẹ̀bi, èmi àbí Múfú? Ẹ tètè dá ẹjọ́ yìí kó tó jẹ koríko náà tán.