Ìyá Tó Fà Wá Jáde Nínú Ọkọ̀

Nínú bàálù lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin òṣìṣẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó wo ọmọ ọwọ́ tó wà lórí itan mi. Ó ní, “Mọ̀mí, bí a bá ní kí ẹ sáré jáde, ẹ fi ẹrù sílẹ̀. Ẹ gbé ọmọ mọ́ àyà.” Omi bọ́ lójú mi. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn rí.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni, nígbà tí mo ṣì kéré. Èmi àti màmá mi wọ bọ́ọ̀sì ní Ìlọ́bù, ìlú wa, à ń lọ sí Òṣogbo, àbúrò mi wà lẹ́yìn wọn. Lójijì, èéfín tó ń rùn bíi táyà tó ń jóná bo inú ọkọ̀. Àwọn èrò ń fa ẹrù, wọ́n dí ẹnu ọ̀nà. Màmá mi náà di àpò gàrí wọn mú. Ìyá àgbà kan tó jókòó tì wá gbá ọwọ́ wọn kúrò.

“Fi gàrí sílẹ̀! Sọ ọmọ kalẹ̀, gbé e mọ́ àyà!”

Ìyá náà wọ́ mi lọ́wọ́, ó fẹsẹ̀ ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí, gbogbo wa bọ́ sínú koríko kí iná tó sọ.

Màmá mi kúnlẹ̀. “Ẹ ṣé o, mà. Ilé ibo ni mo máa wá dúpẹ́ sí?”

“Ìfọ́n ni mo ti wá. Dìde, fún ọmọ lọ́mú.”

Màmá mi gbójú sókè, wọ́n wo ìyá náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tẹrí ba títí iwájú orí wọn fi kan ilẹ̀. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé ìjà ilẹ̀ kì í jẹ́ kí Ìlọ́bù àti Ìfọ́n kí ara wọn nígbà náà.

A ò rí ìyá náà mọ́. Ṣùgbọ́n bí màmá mi bá ń gbàdúrà, tí wọ́n dárúkọ gbogbo àwa ọmọ tán, wọ́n á ní, “Olúwa, ìyá Ìfọ́n yẹn náà, bá mi kẹ́ wọn.”