Ọ̀nà Tí Ìyá Mi Tọrọ

Ọ̀nà ẹsẹ̀ kan wà lẹ́yìn ilé wa, láàárín Woolwich àti Thamesmead ní Lọ́ńdọ̀nù, tí kò lórúkọ, tí kò sì sí nínú máàpù kankan. Ó gba inú yáàdì bàbá òyìnbó kan tó ń kó irin àti pákó àwọn kọ́lékọ́lé pamọ́, ó tọ ẹ̀gbẹ́ kòtò omi kan tí koríko ti bò, ó wá gòkè sórí ògiri odò Thames. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́jọ lọ láti ẹnu ọ̀nà wa. Bí èèyàn ò bá gba ibẹ̀, títì ńlá ni yóò gbà, yóò yí lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Belmarsh, yóò sì rìn títí yóò fi bú ẹni tó kọ́ ìlú náà kó tó rí omi. Ẹni tí orúnkún rẹ̀ pé là ń sọ yẹn o. Orúnkún ìyá mi kò pé.

Ìlàjẹ ni wọ́n, etí òkun ni wọ́n bí wọn sí. Nígbà tí bàbá mi kú, tí mo ní kí wọ́n wá máa gbé lọ́dọ̀ mi, mo rò pé òtútù ni yóò bá wọn jà. Àìrí omi ló bá wọn jà. Odidi ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi jókòó sórí àga, tí wọn ò jẹun dáadáa, tí wọn ò sì sọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Lọ́jọ́ tí mo fi bọ́ọ̀sì gbé wọn dé etí Thames, tí wọ́n rí i bí omi ṣe ń fà sẹ́yìn tí ẹrẹ̀ ń yọ, wọ́n pariwo, "Háà! Omi yìí mọ òkun!" Wọ́n jẹ ẹ̀bà méjì lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìgbà yẹn ni mo rántí ọ̀nà ẹ̀yìn ilé wa.

Gbogbo àdúgbò ló ń gbà á. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n ti ń gbà á kí ìyá mi tó dé: àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́, àwọn tó ń mú ajá rìn, èmi náà. Kò sẹ́ni tó béèrè, kò sì sẹ́ni tó lé wa. Àfi ìyá mi tó dúró níwájú ibi tí fẹ́ńsì ti ya, tí wọ́n kọ̀ jálẹ̀.

"Ta ló ni ibí?"

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká máa lọ jàre. Everybody ló ń gbà á."

"Mo ní ta ló ni ín? Ṣé bẹ́ ẹ ṣe ń gba inú ilé onílé kọjá nìyẹn, bí ewúrẹ́?"

Lábúlé wọn, orí omi ni ilé wà, pákó ni wọ́n sì fi ń ṣe ọ̀nà láti ilé kan dé èkejì. Kò síbi tí o fẹ́ lọ tí o ò ní gba iwájú ilé ẹlòmíràn. O gbọ́dọ̀ ké "Àgò o!" kí onílé dáhùn "Àgò yà!" kí o tó gbẹ́sẹ̀. Ẹni tó bá kọjá láìkágò, bí kì í bá ṣe olè, a jẹ́ pé wọn ò kọ́ ọ nílé.

Ni mo bá mú wọn lọ bá bàbá tó ni yáàdì. Ìyá mi kí i dáadáa, wọ́n wá yíjú sí mi. "Sọ fún un pé kì í ṣe èmi nìkan ni mo ń tọrọ fún. Gbogbo ará àdúgbò tí wọn ò mọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n tọrọ, mo ń bá wọn tọrọ." Mo túmọ̀ rẹ̀. Bàbá náà rẹ́rìn-ín títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Ó ní ẹnikẹ́ni ò bi òun bẹ́ẹ̀ rí. Ó jókòó, ó kọ lẹ́tà fún wa, ó fọwọ́ sí i: ìyá mi àti gbogbo aládùúgbò wa lè máa gba ilẹ̀ òun kọjá, níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì tẹ́ òun lọ́rùn. Ìyá mi fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Nígbà Kérésìmesì, a gbé ẹja yíyan lọ fún un.

Mo tọ́jú lẹ́tà náà. Ta ni yóò sọ fún ará Nàìjíríà tó ń gbé nílùú yìí pé kó má tọ́jú ìwé? Báàgì kan wà lábẹ́ ibùsùn mi tó kún fún ìwé láti ọjọ́ tí mo ti dé. Iṣẹ́ ìmọ́tótó ni mo sì ń ṣe, kóòtù ni mo ń nù. Mo ti nu tábìlì tí wọ́n ń kó ẹ̀rí lé débi tí mo fi gbà pé ẹni tó níwèé ni yóò borí.

Ọdún mẹ́sàn-án kọjá. Bàbá náà kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ta yáàdì, àwọn tó rà á sì gbé géètì irin síbẹ̀ pẹ̀lú àgádágodo. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ìyá mi lọ, wọ́n sì padà dé kí tíì mi tó tutù. Wọ́n jókòó sórí àga. Ọjọ́ kejì wọ́n tún jókòó síbẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin tí wọ́n ti abọ́ oúnjẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àyà mi já.

Aládùúgbò mi kan, obìnrin òyìnbó tó ti fẹ̀yìn tì, ló kó gbogbo wa jọ. Ó ní òfin wà. Bí àwọn ará ìlú bá ti ń gba ilẹ̀ kan kọjá fún ogún ọdún, tí ẹnikẹ́ni ò dí wọn lọ́nà, ọ̀nà náà ti di tiwọn, onílẹ̀ ò lè tì í mọ́. Mo fi ìka ṣírò rẹ̀: mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àti mẹ́sàn-án, ó ti lé! Ó wá sí kíṣìnì mi pẹ̀lú fọ́ọ̀mù, kí n kọ bí mo ṣe ń gba ọ̀nà náà. Mo ní kó fara balẹ̀ mu tíì rẹ̀, mo fa báàgì mi jáde, mo sì gbé lẹ́tà bàbá síwájú rẹ̀. Mo ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó gba ipò kìíní.

Ó kà á. Ó tún un kà. Ojú rẹ̀ funfun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ kò kúkú dúdú tẹ́lẹ̀.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ tọrọ?" Bó ṣe bi mí nìyẹn.

Ó wá ṣàlàyé rẹ̀. Òfin náà kì í ṣe fún gbogbo ẹni tó bá ṣáà ti kọjá. Ẹni tó gba ọ̀nà bí ẹni pé tirẹ̀ ni, tí kò fipá wọlé, tí kò yọ́ wọlé, tí kò sì tọrọ àyè, òun ni òfin ń gbè. Ẹni tó bá tọrọ ti gbà lẹ́nu ara rẹ̀ pé kì í ṣe tòun. Lọ́jọ́ tí bàbá kọ̀wé yìí fún gbogbo wa, ìṣirò dúró síbẹ̀. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré la ní.

Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Mo bi í pé ṣé àwọn tó ń kọjá láìkí i ló wá jàre? Ó ní bí òfin ṣe wí nìyẹn. Mo dìde, mo tún jókòó, mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ọwọ́ mi ṣe. Wọ́n máa ń ní abéèrè kì í ṣìnà. Àwa béèrè, a sì sọ ọ̀nà nù! Inú bí mi sí òfin, inú bí mi sí bàbá tó ti kú, ó sì bí mi sí ìyá mi pẹ̀lú, Ọlọ́run dárí jì mí.

Obìnrin náà ká lẹ́tà, ó tì í padà sọ́dọ̀ mi. Ó ní òun ò rí i. Lórí fọ́ọ̀mù, ìbéèrè kan wà pé ṣé mo tọrọ àyè rí. Mo fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófo. Ọmọ ìjọ ni mí, mi ò parọ́, mo kàn dákẹ́ ni. Ẹ má bi mí bóyá ìyàtọ̀ wà níbẹ̀. Mi ò sì sọ nǹkan kan fún ìyá mi.

Gbọ̀ngàn iléèwé kan ni wọ́n ti gbọ́ ẹjọ́ náà. Ìyá mi ní àwọn náà á lọ, wọ́n wọ aṣọ ìjọ wọn funfun, wọ́n jókòó tì mí. Lọ́yà àwọn tó ra ilẹ̀ dìde, ó ní ṣe ni a ń yọ́ gba ilẹ̀ onílẹ̀. Ìyá mi fi ìgúnpá gún mi: "Kí ló wí?" Èmi òpònú, mo túmọ̀ rẹ̀.

Ìyá mi nawọ́ sókè. Ọkùnrin tó ń gbọ́ ẹjọ́ ní kí màmá máa sọ̀rọ̀, kí n máa bá wọn túmọ̀.

"Sọ fún wọn pé a kì í ṣe olè. Mo tọrọ ọ̀nà yẹn lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Mo tọrọ rẹ̀ fún gbogbo wa, ó sì fún wa níwèé. Ìwé náà wà lọ́wọ́ rẹ."

Mo wo aládùúgbò mi, ó mi orí díẹ̀, díẹ̀ báyìí. Mo lè sọ pé ìyá mi ń kí wọn kú iṣẹ́ ni. Òótọ́ ni pé Yorùbá bíi mẹ́wàá wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí yóò tú mi fó nínú wọn, torí ọ̀nà tiwọn náà ni. Ìyá mi wò mí.

"Kí lò ń dúró dè?"

Mo túmọ̀ rẹ̀, gbólóhùn kan lẹ́yìn èkejì, láìyọ nǹkan kan kúrò. Lọ́yà náà gan-an lanu sílẹ̀. Lẹ́yìn wa, mo gbọ́ tí obìnrin kan sọ pé, "Yéè, Mummy, ẹ ti pa wá!"

Nígbà tí èsì dé pé ọ̀nà náà kì í ṣe ti ará ìlú, mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún ìyá mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n bi mí: "Ṣé ẹni tó kí ló jẹ̀bi?" Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ń wo ọwọ́ wọn. Kò sí aládùúgbò tó bú wa, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, àpòòwé kan wọlé tí orúkọ ìyá mi wà lára rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ géètì ló wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà. Àwọn tó ra ilẹ̀ ní, nítorí pé màmá ṣe ohun tó tọ́ sí ẹni tó ni ilẹ̀ tẹ́lẹ̀, àwọn fún màmá nìkan láyè láti máa kọjá. Mo fò sókè. Kí n má purọ́, mi ò rántí ẹnikẹ́ni mọ́, ìyá mi ni mo rò, tí wọn yóò tún máa jẹun.

"Àwọn yòókù ńkọ́?"

"Ẹ̀yin nìkan ni, Mọ́mì."

Ìyá mi ní kí n mú àwọn lọ sí géètì náà.

Ẹ̀ṣọ́ kan wà ní géètì, ọmọ Yorùbá, ó lè tó ẹni àádọ́ta ọdún. Ó jáde wá kí wọn. Ìyá mi na kọ́kọ́rọ́ sí i. "Ọmọ mi, bá mi dá a padà fún àwọn ọ̀gá rẹ, kí o sì bá mi dúpẹ́. Gbogbo wa ni mo tọrọ fún." Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, wọ́n ti di irin géètì mú, wọ́n ti rọra kúnlẹ̀ sórí kọnkéré. Ìyá mi, ẹni ọgọ́rin ọdún. "Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n ṣí i fún gbogbo wa."

Sà! Ìyá mi pe ẹni tí wọ́n lè bí lọ́mọ ní sà. Orí mi wú. Ọkùnrin náà pariwo, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú wọn pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. "Mummy, ẹ dìde! Ẹ má ṣe èyí sí mi, I beg! Mi ò láṣẹ, Mummy. Job ni mo wá ṣe, camera ń wò mí." Ìyá mi ò dìde, òun náà ò dìde, mo sì dúró sáàárín wọn bí ère.

Èmi àti rẹ̀ la jọ gbé wọn dìde nígbẹ̀yìn. Ó gba kọ́kọ́rọ́ náà, ó nu ojú rẹ̀, ó wọlé, ó sì ti géètì. Mo ti ní kí n máa fi bọ́ọ̀sì gbé wọn gba títì lọ lọ́jọ́ ìsinmi mi, wọ́n ní àwọn ò lọ àfi bí wọ́n bá ṣí ọ̀nà fún gbogbo wa. Ìyá mi ò tíì rí odò náà láti ọjọ́ yẹn.