Ihò Méjìdínlógún ní Ìgándò

Ọjọ́ Àìkú mẹ́rin tó tẹ̀ léra wọn ni olórí ìdílé onílẹ̀ kan ní Ìgándò fi jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, tó ń pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó ń pàdánù nínú eré gọ́ọ̀fù, nítorí ó dá a lójú pé ẹni tí iye rẹ̀ bá pọ̀ jù ló borí. Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé Àìkú kẹrin náà, díẹ̀ ló kù kó tẹ̀ka sí ìwé tí ì bá gba gbogbo oko tó ṣẹ́ kù fún ìdílé rẹ̀. Èmi ni mo ka ìwé náà fún un. Èmi náà ni mo sọ fún un pé kò séwu.

Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni. Ilé ṣì jìnnà síra wọn ní Ìgándò nígbà náà, èèyàn lè dúró lẹ́yìnkùlé kó máa wo oko ẹ̀gẹ́ títí dé odò. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn kan ni, mo sì gba yàrá kan nínú ilé Bàbá, olórí ìdílé náà. Alàájì ni Bàbá. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá, jẹ́ aláṣọ funfun ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà kan ní ọ̀nà Ìkọ̀tún. Ẹ̀sìn kò dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn rí. Nínú gbogbo ilẹ̀ tí àwọn bàbá wọn fi sílẹ̀, oko tó wà lẹ́yìn ilé yẹn nìkan ni wọn kò tíì tà. Ìyá ló ń dá a. Ibẹ̀ ló ti ń rí jẹ, ibẹ̀ ló ti ń rí wọ̀.

Bàbá ní àṣà kan tí gbogbo àdúgbò mọ̀: kì í ta ilẹ̀ fún ẹni tí òun kò bá tíì rí iṣẹ́ rẹ̀. Ó ti jókòó sí ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan ní Ìdímù láti àárọ̀ títí di ìrun Àìlà, tó ń wo bó ṣe ń rán ṣòkòtò, kó tó gbà kí télọ̀ náà ra pulọ́ọ̀tì kan. Ó ti tẹ̀ lé mẹkáníìkì kan lọ sí Baruwa, ó dúró tì í títí ó fi tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ tó sì tò ó padà. Ohun tó ń wò ni bí ẹni náà ṣe ń ṣe nígbà tí iṣẹ́ bá ta kò ó. Ó ní ibẹ̀ lòun ti máa ń mọ̀ bóyá ó ṣeé bá gbé.

Nígbà tí ọkùnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní ẹnjiníà wá láti ìgboro, tó ní òun fẹ́ ilẹ̀ láti fi ṣe pápá gọ́ọ̀fù fún àwọn ọ̀gá báńkì, Bàbá bi í pé iṣẹ́ wo nìyẹn. Ó ní eré ni. Bàbá ní kó ṣe é kí òun rí i. Ẹnjiníà rẹ́rìn-ín, ó ní kì í ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe nínú ọgbà ilé. Nígbà tó máa fi padà wá, tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ kan ló gbé dání, pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ kékeré àti àwo ńlá kan tó ń fa àwòrán láti òkè òkun. Wọ́n ri àwo náà mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Ó ní kí Bàbá fara balẹ̀ wo gọ́ọ̀fù fún oṣù kan, kí àwọn tó sọ̀rọ̀ ilẹ̀. “Ihò méjìdínlógún péré ni mo ń wá, Alàájì,” ló sọ kó tó wọ ọkọ̀ rẹ̀. Kò dárúkọ pulọ́ọ̀tì.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun Alásárì, Bàbá á jókòó sórí àga rẹ̀. Ìyá á ti ṣọ́ọ̀ṣì dé pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́rùn, láìwọ bàtà, á jókòó sórí ẹní. Wọ́n á wá pè mí láti yàrá mi pé kí n wá túmọ̀. Èmi tí mo fẹ́ túmọ̀ kò fojú kan gọ́ọ̀fù rí láyé mi. Ṣùgbọ́n oníròyìn ni mí, mo ní ìwé ẹ̀rí, mo sì ní táì méjì. Ojú ń tì mí láti sọ pé n kò mọ̀.

Kò sí ohun tó yé wa. Ẹnì kan á gbá bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù á fò lọ, kò sẹ́ni tó máa sáré tẹ̀ lé e. Kò sẹ́ni tó ń dí i lọ́wọ́, kò sí réfìrì tó ń fun fèrè. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn àwòrán ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, débi tí Ìyá fi bi mí bóyá aláìsàn wà nítòsí wọn. Ọkùnrin kan máa ń ru báàgì ọ̀pá tẹ̀ lé ẹni tó ń gbá, Bàbá sì fẹ́ mọ ìdí tí ẹni tó ń ru gbogbo ẹrù yẹn kò fi ní gbá tiẹ̀. Mo ní ó ṣì ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́, ọdún tó ń bọ̀ ló máa gbá. Irọ́ ni.

Síbẹ̀, kò pẹ́ tí a fi ní àwọn tiwa. Àwọn ògbóǹtarìgì mẹ́rin márùn-ún kan náà ni wọ́n ń ṣàfihàn ṣáá. Orúkọ wọn kò ṣeé pè lẹ́nu Bàbá, ló bá sọ wọ́n lórúkọ. Ẹni tirẹ̀ ni Òṣìṣẹ́, géńdé kan tó ń fi gbogbo ara gbá bọ́ọ̀lù, tó sì lè gbá a jìnnà ju gbogbo wọn lọ. Tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ bá wọ igbó, á wọ igbó lọ gbá a jáde. Tó bá bọ́ sínú yanrìn, á rì dé ọrùn ẹsẹ̀, á gbá a, á tún un gbá. Ẹni ti Ìyá ni Onísùúrù, ẹni pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó máa ń lóṣòó wo ilẹ̀ títí kó tó fi ọ̀pá kan bọ́ọ̀lù. Bàbá ní ọ̀lẹ ni. Ìyá ní ńṣe ló ń gbàdúrà.

Iye kan máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá parí ihò kan, Onísùúrù á ní mẹ́ta, Òṣìṣẹ́ á ní mẹ́fà, Bàbá á pàtẹ́wọ́. Ìrọ̀lẹ́ á dé, wọ́n á gbé ife fún Onísùúrù tàbí fún ẹlòmíràn. Ní Àìkú kejì, Bàbá yíjú sí mi.

“Akọ̀wé, wọ́n ń rẹ́ ọkùnrin yẹn jẹ, àbí kí ni?”

Mo ní àwọn adájọ́ kan wà ní kọ̀rọ̀ tí wọ́n ń fún wọn ní máàkì nítorí ìwà.

“Ìwà kẹ̀? Ta ló tún níwà ju ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ tí kò ráhùn?”

Ìyá fèsì láti orí ẹní. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà jàre. Tiyín ń bá koríko jà ni. Tèmi ń bẹ̀ ẹ́.”

Ní Àìkú kẹta ni Ẹnjiníà mú ìwé wá. Ojú ewé méjì ni, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Mo kà á fún wọn: ìdílé fọwọ́ sí i láti fi ilẹ̀ tó bá tó fún ihò méjìdínlógún sílẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ohun tó bá rọ̀ mọ́ ọn. Bàbá ronú. A ti rí ihò náà lójú tẹlifíṣọ̀n, a ti rí ẹni tó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ láti mú bọ́ọ̀lù jáde. Kò tóbi ju ẹnu agolo mílíìkì lọ. Bí wọ́n bá sì ti kúrò nídìí ihò kan, kí èèyàn tó ṣẹ́jú, àwòrán á ti gbé wa dé ìdí òmíràn, torí náà gbogbo wa gbà pé ńṣe ni wọ́n tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ebè. Bàbá, tí kì í fẹ́ kí wọ́n pe òun ní ahun, ní òun á fún ihò kọ̀ọ̀kan ní odindi pulọ́ọ̀tì kan. Pulọ́ọ̀tì méjìdínlógún, láti etí títì, apá tó pọ̀ jù nínú oko Ìyá á sì ṣẹ́ kù lẹ́yìn. Ó bi mí pé kí ni mo rí sí i. Mo ní ó ti pọ̀ jù fún wọn. Wọ́n dá Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ láti tẹ̀ka.

Àìkú kẹrin dé. Òṣìṣẹ́ wà nínú yanrìn, inú Bàbá ń dùn. Ìyá kò wo bọ́ọ̀lù. Igi àti koríko tó wà lẹ́yìn àwọn èèyàn náà ló ń wò.

“Akọ̀wé,” ó ní, “ṣé o rántí igi tó ya ẹ̀ka méjì, tí Onísùúrù dúró sábẹ́ rẹ̀ nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó? A ò tíì rí i mọ́.”

Mo ní igi pọ̀ níbẹ̀, Ìyá.

“Mo mọ̀ pé ó pọ̀. Mò ń ṣọ́ wọn. Tí mo bá ń ro oko mi, ọ̀pẹ kan náà ni mò ń bá pàdé láti àárọ̀ títí mo fi ṣíwọ́. Àwọn wọ̀nyí ò bá igi kankan pàdé lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ wo ẹni tó ru báàgì yẹn, ó ti ń tiro. Wọn ò dúró sójú kan o. Ńṣe ni wọ́n ń lọ.”

Bàbá ní kó dákẹ́ ná, Òṣìṣẹ́ fẹ́ gbá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ mí lára.

Ní ọjọ́ Ajé, mo lọ bá ọ̀gá tó ń bójú tó ìròyìn eré ìdárayá níbi iṣẹ́ wa. Mo fi ọgbọ́n bi í, bí ẹni pé fún ẹlòmíràn ni. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀ sórí tábìlì. Ó ní iye yẹn ni iye ìgbà tí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù, ẹni tó bá gbá a nígbà díẹ̀ jù ló ń borí. Lẹ́yìn náà ó ní: “Ibi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù dé ihò kan ṣoṣo lè gùn ju òpópónà ilé yín lọ. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, ọ̀sán á pọ́n kó tó gbá méjìdínlógún tán. Ìrìn ni gọ́ọ̀fù.” Gbólóhùn “ilẹ̀ tó bá tó” tí mo fi ẹnu ara mi túmọ̀ wá ń dún létí mi. Kò sí ibi tí wọ́n kọ pulọ́ọ̀tì sí nínú ìwé yẹn. Ilẹ̀ tó bá tó lè dé odò. Ó lè kọjá odò. Ó lè gbé ilé tí mo ń sùn sí pẹ̀lú.

Mo dọ̀bálẹ̀ níwájú Bàbá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, láti orí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ títí dé orí adájọ́ inú kọ̀rọ̀. Mo rò pé á lé mi jáde. Ìbéèrè ló bi mí.

“Ṣé o fẹ́ sọ pé Òṣìṣẹ́ ti ń pàdánù látọjọ́ yìí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.”

Ó mi orí. Ó yọ fìlà, ó tún un dé. Ẹ̀yìn ìyẹn ló wá bi mí nípa ilẹ̀.

Ní Ọjọ́rú, Ẹnjiníà dé pẹ̀lú ìwé àti páàdì yíǹkì. Ìyá ti ń dúró dè é pẹ̀lú ìdì igi ẹ̀gẹ́ méjìdínlógún. Ó kí i dáadáa, ó fún un ní omi, ó wá ní kó jọ̀ọ́, kó bá àwọn rin oko náà, kó sì ri igi ẹ̀gẹ́ kan mọ́lẹ̀ níbi tí ihò kọ̀ọ̀kan máa wà. Ẹnjiníà fa àwòrán kan yọ nínú fáìlì rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí rìn, àwa náà tẹ̀ lé e. Ó rin ìrìn pípẹ́ kó tó ri igi àkọ́kọ́. Bó ṣe ri ẹlẹ́ẹ̀kẹta, a ti kọjá ibi tí Bàbá rò pé gbogbo pápá náà máa parí sí. Nídìí ẹlẹ́ẹ̀karùn-ún, àárín oko Ìyá la wà. Ẹlẹ́ẹ̀keje bọ́ sétí odò. Mọ́kànlá ṣì wà lọ́wọ́ Ìyá.

Ẹnjiníà yí àwòrán náà po, ó dorí rẹ̀ kodò, ó tún un yí padà. Òógùn bò ó. Ohun tó sọ gan-an nìyí: “Kò yẹ kó rí báyìí.”

Bàbá bi í bóyá ó ti gbá gọ́ọ̀fù rí fúnra rẹ̀.

“Rárá, Alàájì. Ẹni tó rán mi ló ń gbá a. Èmi náà ò ju kí n máa wò ó lọ.”

Mo ti fọ̀rọ̀ wá ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu wò láti ìgbà náà, olè àti olódodo, n kò sì tíì lè sọ èwo ni Ẹnjiníà. Ojú ẹni tó ṣìnà ni mo rí lójú rẹ̀ létí odò yẹn, ṣùgbọ́n ojú èmi náà ni mo fi wò ó, ojú mi kò sì ríran rí lórí ọ̀rọ̀ yìí. Kò gba tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ padà. Bàbá kò tẹ̀ka. Ó kó gbogbo wa, Ẹnjiníà pẹ̀lú, lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ọ̀gá ibẹ̀ gbọ́ ẹnu wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gba ìwé náà, ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ilẹ̀ náà títí awọnlẹ̀ á fi wá wọ̀n ọ́n. Ìyá bi í bóyá òun lè gbin ẹ̀gẹ́ sí i ná. Ó ní kó máa gbìn ín.

Ìyá gbìn ín títí ọjọ́ alẹ́ rẹ̀. Bàbá ń wo gọ́ọ̀fù títí tiẹ̀ náà fi dé, kò sì fi Òṣìṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn ọmọ wọn ti ta oko náà lẹ́yìn náà, pulọ́ọ̀tì kan lẹ́yìn òmíràn, ilé sì ti kún un dé etí odò. Èmi ti fẹ̀yìn tì. Ọdún tó kọjá, ohun kan gbé mi dé ọ́fíìsì yẹn, mo sì ní kí obìnrin tó wà níbẹ̀ bá mi wá ìwé náà, n kò lè sọ ìdí. Ó pẹ́ kó tó jáde. Ó gbọn eruku ara fáìlì náà nù, ó ka ojú ewé tó gbẹ̀yìn.

“Ó ṣì wà níbí, sà,” ó ní. “Wọ́n kọ ọ́ pé awọnlẹ̀ ń bọ̀ wá wọ̀n ọ́n. Tó bá ti lọ, a máa kàn sí ìdílé.”