Ìkíni Tí Mo Fi Kọ̀ǹpútà Rán sí Mùdá

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ wá gbọ́ ohun tí kọ̀ǹpútà fojú mi rí ní Ìlódè, ní Ifẹ̀, lọ́dún tí Sàfúrátù ìyàwó mi kú.

A ti sin ín, àdúrà ọjọ́ kẹjọ ti kọjá, ṣùgbọ́n Mùdá ọmọ wa wà ní Jámánì, kò tíì gbọ́. Mo fẹ́ kó wálé kí ogójì ọjọ́ tó pé. Nọ́ńbà fóònù rẹ̀ kò lọ mọ́. Lẹ́tà póòsì ńkọ́? Ìyẹn lè lo oṣù méjì lójú ọ̀nà. Àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà tó kọ sídìí lẹ́tà tó fi ránṣẹ́ sí mi gbẹ̀yìn ló kù.

Mo bá gba ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà Bọ́lá lọ, ọmọ Rábíù télọ̀. Ó tan kọ̀ǹpútà, mo rí orúkọ mẹ́ta tí wọ́n tò sójú rẹ̀. Mo bi í pé àwọn wo nìyẹn. Ó ní kọ̀ǹpútà tó wà lọ́nà jíjìn ni wọ́n, pé èyí tí òun bá tẹ orúkọ rẹ̀, wáyà fóònù á gbé òun débẹ̀, òun á máa ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ bí ẹni tó jókòó tì í. Ó tẹ orúkọ èyí tó wà ní Èkó, ó ní ibẹ̀ ni lẹ́tà á ti gba lọ sí Jámánì. Ẹ gbọ́ ná, Ìlódè la jókòó sí, a wà nínú kọ̀ǹpútà Èkó!

Ó kìlọ̀ pé wáyà máa ń já, nítorí náà ojú ewé tó bá ti kún lòun á máa fi ránṣẹ́.

Ta ló ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà láìkí èèyàn? Mo ní kó kọ ọ́ pé Àlàbí kí i, Ìyá Sùlè kí i, Lámídì alápatà ní Sábó kí i, Ráfátù àtàwọn ìbejì rẹ̀ kí i. Mo bọ́ sórí àwọn ará Ìpetumodù.

"Bàbá, ṣé gbogbo Ifẹ̀ lẹ fẹ́ kí n kọ ni?"

"Ìwọ ṣáà kọ ọ́. Bí mo bá fo ẹnì kan, wọ́n á bá mi jà."

Ojú ewé kún, ó fi ránṣẹ́. Mo mí kanlẹ̀, mo ní ó wá kan ọ̀rọ̀ ìyá Mùdá báyìí. Wáyà já.

Ọjọ́ márùn-ún gbáko! Ojoojúmọ́ ni mò ń lọ, Bọ́lá á ti máa mirí sí mi láti ẹnu ọ̀nà. Ojú tì mí. Ìyá ọmọ kú, mo ránṣẹ́ sí i pé alápatà kí i.

Lọ́jọ́ kẹfà tí wáyà dára, èsì Mùdá ti wà níbẹ̀. Bọ́lá kà á, ohùn rẹ̀ lọlẹ̀. Mùdá ní òun ka orúkọ èèyàn mẹ́tàlélógún, òun ò rí ti ìyá òun. Ó ní, "Bàbá, ẹ kì í fo ẹnikẹ́ni. Ṣé Ìyá mi ti lọ ni?"

Mo ní kí Bọ́lá dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Kò ju ìyẹn lọ. Ó fi ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí ogójì pé ni Mùdá wọlé dé.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé ọ̀rọ̀ tó bá wúwo ni ká kọ́kọ́ sọ. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ fún yín, kì í ṣe ìkíni nìkan ló dá mi dúró lọ́jọ́ yẹn. Níwọ̀n ìgbà tí n kò bá tíì sọ ọ́ fún Mùdá, ẹnì kan ṣì wà láyé tí Sàfúrátù ṣì wà láàyè lọ́kàn rẹ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́, ìròyìn wo ló ṣòro fún yín rí láti rán sí ọmọ tó wà lẹ́yìn odi? Ẹ sọ tiyín fún mi, mò ń gbọ́.